Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Bàbá Géèmù Máa Ń Kọ

Òjòwú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí àwọn tó mọ̀ mí yóò ka ìwé yìí, wọn yóò sì fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá díbọ́n. Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá Àgbà, tí gbogbo ẹbí ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú mi kan wà lára Yétúndé, ọmọ àbúrò bàbá mi. Mo ń wò ó bóyá ẹkún tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Ó pọ̀ ju tèmi lọ lóòótọ́, ó sì dùn mí.

Nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n kọ ọ́ pé onísùúrù ni, pé ó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Bàbá Àgbà tí èmi mọ̀ kì í ní sùúrù fún ohun tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ. Títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni iṣẹ́ tó kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ṣì wà ní kékeré, ó ra ẹ̀rọ géèmù mẹ́rin: àwọn àpótí onípákó tó ga tó àgbàlagbà, tó ní gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n lókè, tó ní ọ̀pá kékeré àti bọ́tìnnì láàárín, tí èèyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀ gbá géèmù. Ó tò wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba. Ọmọ Sùúrùlérè tó bá ti jáde nílé ìwé, ibẹ̀ ló ń gbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Géèmù, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, ṣọ́ọ̀bù ti kógbá wọlé, méjì nínú ẹ̀rọ náà ti di igi ìdáná, méjì tó kù sì wà ní pálọ̀ rẹ̀, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí, gíláàsì rẹ̀ ti kú. Ìkejì ṣì ń ṣiṣẹ́ bó bá wù ú.

Èmi kọ́ ni òjòwú àkọ́kọ́ nínú ilé yẹn. Màmá Àgbà, kí ó tó ṣaláìsí, orúkọ tó ń pe àwọn ẹ̀rọ náà ni “àwọn orogún mi.” Tó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, á dúró níwájú wọn, á ní, “Ẹ̀yin ìyàwó kékeré, ṣé ẹ ti jí?” Lọ́dún kan tí òjò rọ̀ tí omi ya wọ ilé, Bàbá Àgbà ké sí i pé, “Ìyá Wọlé, gun orí bẹ́ẹ̀dì, kí o dúró síbẹ̀ ná!” Ni òun àti Wọlé, bàbá mi, bá ń gbé ẹ̀rọ sórí búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí Màmá, omi ti dé ibi fóòmù. Títí Màmá fi kú, kò sí àlejò tó wọlé tí kò gbọ́ ìtàn yìí: “Ó gbé àwọn orogún mi sórí búlọ́ọ̀kù, ó kó èmi sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹrù aṣọ.” Bàbá Àgbà kì í tọrọ àforíjì. Èsì kan ṣoṣo ló ní.

“Ìwọ mọ̀ ọ́n wẹ̀,” á ní. “Àwọn ò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Yétúndé. Ìyá tó bí Bàbá Àgbà kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó bí Yétúndé. Ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé ikú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ orúkọ tó ń jẹ́. Nílé ẹlòmíràn, orúkọ lásán ni. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ náà le. Bàbá Àgbà kì í pa ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú jẹ, tí àlùfáà bá sì bi í, á ní òun ò gbàgbọ́ pé ẹni tó kú ń padà wá sáyé. Tó bá délé, á na gbalaja síwájú ọmọ ọwọ́. “Ẹ kú àárọ̀, Ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Ọmọ yẹn ń fa ìka mu. Ìbéèrè tó bá ṣòro fún un, ó dọ̀dọ̀ Yétúndé: ṣé kí òun kun ilé ní àwọ̀ ewé, ṣé kí òun lọ sípàdé? Bí ọmọ bá mi orí, ó parí nìyẹn.

Mo fi ọdún méjì ju Yétúndé lọ. Ọjọ́ Kérésì kan ni mo já bàlúùnù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Mo rò pé wọn ó ní kí n bẹ̀ ẹ́, bí ọmọdé ṣe ń bẹ ara wọn. Bàbá Àgbà dìde lórí àga, ó na ìka sílẹ̀. Gbogbo ẹbí wà níbẹ̀, àwọn ará ilé kejì náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, aṣọ Kérésì wà lọ́rùn mi, mo sì fi àyà lélẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: “Dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.”

Ilé wa wà ní Muṣin nígbà náà. Gbogbo Sátidé ni bàbá mi ń mú mi lọ sí Sùúrùlérè, a ó wọ kẹ̀kẹ́ títí dé ìdí ilé. Yétúndé àti ìyá rẹ̀ ń gbé níbẹ̀, nítorí náà òun ni onílé, èmi ni àlejò. Ṣùgbọ́n tí iná bá wà, iwájú ẹ̀rọ di tèmi àti ti Bàbá Àgbà. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ gíláàsì, àwọn kòkòrò ń já bọ́ látòkè, èèyàn á sì máa yìnbọn fún wọn. Bàbá Àgbà á kọ́kọ́ gbá tirẹ̀, èmi á wá gbá tèmi, òun á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa bú mi.

“Olódo! Ọwọ́ lèyí àbí ṣíbí? Wò ó bó ṣe ń sáré bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Ọ̀tún ni mo ní! Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ọ̀tún ní Muṣin ni?”

Kò fi mí sílẹ̀ kí n borí rí, kódà lọ́jọ́ ìbí mi. Tó bá ti nà mí tán, ẹ̀rọ á ní kí ẹni tó gba àmì tó pọ̀ jù kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta péré ló ń gbà. Bàbá Àgbà á wá awò rẹ̀, á fi sójú, á rọra máa ti ọ̀pá náà, á kọ I, á kọ Y, á kọ A. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ rí. Èmi tí mo ti fara gbá èébú láti àárọ̀, tí ọwọ́ ń ro, orúkọ Yétúndé ni n ó wá máa wò lókè gíláàsì, Yétúndé tí kò fọwọ́ kan ọ̀pá. Tí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo àmì àti orúkọ á pa rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó dá mi lójú pé èmi nìkan ni mo ń yọ̀ ní gbogbo Sùúrùlérè lásìkò tí wọ́n bá mú iná. Tó bá tún di Sátidé, á tún nà mí, á tún kọ ọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kọ orúkọ tirẹ̀.

“Ẹni tó ni mí ni mo kọ,” ó ní.

Ibi tó wá dùn mí jù lọ ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ìlẹ̀kùn pákó kan wà níbẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, Bàbá Àgbà á ṣí i, á na ọwọ́ sí mi pé, “Ìwọ, dúró síbẹ̀ yẹn, má sún mọ́ mi.” Lẹ́yìn náà á yí ohùn padà. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì.” Yétúndé á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò ní wojú mi. Àwọn méjèèjì á wọ ẹ̀yìn àpótí, n ó sì máa gbọ́ ohùn wọn níbẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ohùn àwọn tó ń gbàdúrà. Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó òjé mọ́ wáyà. Ó ń sọ fún un ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Sukudiráfà kan wà tí ó so wáyà gígùn mọ́ nídìí. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á fi wáyà yẹn kọ́ irin ara àpótí, á wá ti ẹnu sukudiráfà sábẹ́ rọ́bà tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó máa ń dún pá! Nígbà náà ló máa ń sọ pé, “Ó ti jẹ́wọ́.” Mo máa ń na ọrùn títí, mi ò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ Yétúndé lọ. Mo bẹ Bàbá Àgbà lẹ́ẹ̀kan pé kó jẹ́ kí n wò ó, nítorí kò sí iná, mo sì ti yọ wáyà lára ògiri. Ó tì mí sẹ́yìn.

“Pé wọ́n mú iná lọ,” ó ní, “kò ní kí iná tán nínú rẹ̀.”

Mo dàgbà, mo ríṣẹ́ ní Yábàá, níbi tí a ti ń ṣe nǹkan tí wọ́n ń lò lórí fóònù. Ọ̀gá mi rí fọ́tò àwọn ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, orí rẹ̀ wú. Ó fẹ́ kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì wa: kí a fi pákó rẹ̀ sílẹ̀, kí a kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí a fi kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ sí i, pẹ̀lú ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, kó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù. Mo fi ayọ̀ gbé e lọ bá Bàbá Àgbà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé èmi náà ti mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ.

Ó wò mí títí. “Tí wọ́n bá yọ ìfun rẹ, tí wọ́n fi ti ẹlòmíì sí i, Dípọ̀, ṣé ìwọ náà la ó ṣì máa kí?”

“Ẹ̀yin náà ti yí i padà, Bàbá. Orí ọ̀pá yẹn, káfíńtà Muṣin ló gbẹ́ ẹ. Sípírìn abẹ́ bọ́tìnnì, ti bíró ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. “Eyín ni mo pààrọ̀ fún un. Ọkàn rẹ̀ ni ìwọ fẹ́ yọ.” Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í lọ́jọ́ yẹn: “Ó dáa. Tí mo bá lọ tán, ẹ bi ìyá mi. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ ṣe.”

Mi ò jẹ oúnjẹ tó gbé fún mi. Sátidé mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn tí mi ò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò rí kòkòrò inú gíláàsì mọ́, kò sì pẹ́ tó fi sùn tí kò jí. Àwọn Sátidé mẹ́ta yẹn ni mo máa ń kà lórí bẹ́ẹ̀dì. Owú ló jẹ wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a rí i pé ọwọ́ Yétúndé ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wà. Olùkọ́ ni báyìí, fìsíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kó má baà yà yín lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ tún àwọn méjèèjì ṣe bí wọ́n ṣe wà, pé àwọn tó ń tú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní Muṣin ṣì ní gíláàsì tó lè bá èyí tó kú mu. Mo ní ìfàkókòṣòfò ni, kí a yí wọn padà kí àwọn èèyàn lè máa gbádùn wọn. A fà á lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, ó ní, “Bùrọ̀dá Dípọ̀, ẹ má bínú, Bàbá ní èmi ni kí ẹ bi.” Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ wo ohun tí mo wá ṣe. Ọjọ́rú kan tí mo mọ̀ pé yóò wà níléèwé, tí ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ bàbá mi, mo lọ sí Sùúrùlérè. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ni mo lọ bá. Ńṣe ni mo fẹ́ yọ inú rẹ̀ kó tó dé. Kí ó dé, kó rí i pé mo ti ṣe é, kó wá lọ bi ìyá Bàbá. Mi ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn, nítorí náà mo tú ìdè ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n ti mú iná lọ, mo sì tún yọ wáyà kúrò lára ògiri. Mi ò mọ̀ pé àràárọ̀ ni Yétúndé máa ń tan ẹ̀rọ náà díẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó má baà kú. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo di rọ́bà ẹ̀yìn gíláàsì mú.

Iná tó kù nínú rẹ̀ gbá mi bí ìgbà tí màlúù bá tàpá sí èèyàn. Ìgbà tí ojú mi walẹ̀, ẹ̀yìn mi wà nílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, apá mi ò sì ṣe é gbé. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí Yétúndé fi dé.

Kò pariwo. Ó wo ìlẹ̀kùn tí mo tú, ó wo apá mi, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú sukudiráfà oníwáyà yẹn, ó fi wáyà kọ́ irin, ó ti ẹnu rẹ̀ sábẹ́ rọ́bà. Ó dún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, torí èmi ti gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

“Ó ti jẹ́wọ́,” ó ní.

Ohùn Bàbá Àgbà ló fi sọ ọ́, láìmọ̀. Mo bú sẹ́kún, ọkùnrin bíi tèmi.

“Ìwọ ló kọ́!” mo ní. “Gbogbo ẹ̀, ìwọ ló kọ́. Kí ló kọ́ èmi? Èébú ló ń bú mi láti kékeré. Olódo ló ń pè mí.”

Yétúndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. “Bùrọ̀dá, ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí Bàbá bú èmi? Kò bú mi rí. Mo fọ́ àwo, á ní, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá mi.’ Mo gba òdo nínú ìdánwò, á ní, ‘Ìyá mi, ó rẹ̀ yín ni.’ Ta ló máa ń bá ìyá ẹ̀ ṣeré? Kò gbé mi lé èjìká rí. Tá a bá tún ẹ̀rọ yẹn ṣe tán, á ní, ‘Ìyá mi, ẹ lọ sinmi, ariwo ẹ̀ á dà yín láàmú.’ Yàrá ni mo máa ń wà tí n ó máa gbọ́ ẹ̀rín yín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín títí á fi húkọ́. Mi ò fẹ́ rí ojú ẹ̀rọ yẹn sójú rárá. Mo máa ń gbàdúrà pé kó tètè bàjẹ́, kó lè tún pè mí.”

Èmi ń gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ. Òun ń gbàdúrà kí ẹ̀rọ bàjẹ́. Mo wá bi í bóyá omi wà nínú fíríìjì.

Kò dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Ẹ gbà. Ó ti sú mi kí n máa jẹ́ ìyá àgbàlagbà. Tó bá wù yín, ẹ yí i padà. Mo ti fọwọ́ sí i.”

Ohun tí mo ti ń jowú lé lórí láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Mo yí ojú sí inú ẹ̀rọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi máa wò ó dáadáa. Mo rí òjé tí Bàbá jó, mo rí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti jó òjé tí kò gún. Mo rí aṣọ àdìrẹ kan tí wọ́n ká mọ́ abẹ́ gíláàsì kó má baà gbọ̀n.

“Aṣọ Màmá kọ́ nìyí?”

“Òun ló fà á ya fún un,” Yétúndé ní. “Ó ní orogún òun ń gbọ̀n.”

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí ọ̀gá mi lórí fóònù pé kó wá ẹ̀rọ mìíràn, pé àwọn méjèèjì tiwa ń gba àtúnṣe. A dá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn padà. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i, mo dá a padà fún un. Nǹkan bí aago mẹ́rin ni wọ́n mú iná dé, ni mo bá ní kó wá síwájú ẹ̀rọ.

Kò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ọ̀pá mú. Kòkòrò jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. “Olódo!” mo ní. “Ọwọ́ lèyí àbí ṣíbí? Ọ̀tún ni mo ní! Ṣé fìsíìsì tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nìyí?” Yétúndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi, ó sì ń sọ pé, “Ẹ tún bú mi, ẹ tún bú mi.” Mi ò sì fi sílẹ̀ fún un. Pẹ̀lú apá kan tó ń ro, mo nà án.

Ẹ̀rọ ní kí n kọ orúkọ. Ọwọ́ mi ń ti ọ̀pá náà lọ, mi ò ronú sí i, ohun tí mo ti ń wò láti kékeré ni. Mo kọ I, mo kọ Y, mo kọ A.

“Kí nìyẹn?” Yétúndé bi mí.

Mo sọ fún un. Mo ní orúkọ tí Bàbá ń kọ nìyẹn, ní gbogbo Sátidé, ní gbogbo ìgbà tó bá nà mí, títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Yétúndé fi ìka kan lẹ́tà mẹ́ta náà lára gíláàsì, ó tún un kàn, ó fi apá aṣọ nu ojú.

“Olódo ni yín, Bùrọ̀dá Dípọ̀,” ó ní. “Ẹ ò mọ orúkọ yín kọ.”